Fíìmù Karùn-ún Tí Mi Ò Fẹ́ Dárúkọ

                                        Ilé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀,
                                        Nyanya,
                                        Àbújá.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Keje, Ọdún 2025.

Rísíkàt, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹsẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń kí, kí n tó kí ẹni tó ni ín. Mo gbọ́ pé bàbá tó bá ọ to eegun ti tú igi tí wọ́n fi dè é, pé o ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run ṣeun. Má kánjú o, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó ti jinná kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀. Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Tiwátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò rẹ̀? Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ẹran tí ẹ fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa. Mo kà á, ègé méjìdínlógún ló pé, mo sì ránṣẹ́ sí awakọ̀ náà pé olóòótọ́ ènìyàn ni.

Àwa náà wà láàyè. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí ní Nyanya, ṣùgbọ́n ara le. Ọkọ mi Wàsíù wà nídìí iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀, ó ń jó irin, ojú rẹ̀ ń pọ́n, oúnjẹ sì ń wọlé fún un dáadáa. Èmi náà wà nídìí áyọ́ọ̀nù mi, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Karu ni mò ń fọ̀, tí mò ń lọ̀. Àpò èédú kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Ọ̀gá kan sì wà tó ní iye tí òun ń san ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni òun yóò máa san. Mo ní kò burú, kó bá mi ra èédú ọdún mẹ́rin sẹ́yìn wá.

O ní kí n pè ọ́, kí n ka orúkọ àwọn fíìmù tuntun tó dára jù láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹfà ọdún yìí fún ọ, kí Tiwátọ́pẹ́ lè lọ bá ọ kó márùn-ún sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí o rí nǹkan fi gbàgbé ìrora. Mi ò lè pè ọ́, Rísí. Yàrá kọjú sí yàrá ni ilé tí à ń gbé, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Bí mo bá sín, òun ló ń kí mi pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra bébà àti bírò, tí mo sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa tó ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí o bá kà á tán, fi dáná.

Bóyá mi ò tíì ṣàlàyé fún ọ dáadáa rí bí èmi ṣe di ẹni tí wọ́n ń béèrè fíìmù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa obìnrin Ìsẹ́yìn tí a wà ní Nyanya àti Karu, mọ́kànlélógún la jẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ní ọdún tó kọjá tí dátà gbówó lórí, a rí i pé ìyà ń jẹ wá. Obìnrin á ra dátà, á fi wo fíìmù tí kò lórí tí kò nídìí, á wá máa ṣépè fún ẹni tó ṣe é. Ni mo bá dábàá pé kí kálukú máa dá igba náírà lóṣooṣù, kí a kó o fún ẹnì kan, kí ẹni náà máa kọ́kọ́ wo gbogbo fíìmù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kó wá sọ èyí tó yẹ ká náwó sí. Bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e síwájú àlejò. Wọ́n ní àbá náà dára. Kí ẹlòmíràn tó yanu, mo ti fi ara mi sí i. Atọ́wò ni wọ́n ń pè mí. Ẹgbàajì náírà ni mò ń gbà lóṣù, nítorí èmi nìkan ni kì í dá tèmi. Ojú mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Bó bá sì di ìpàdé Oṣù Keje, mo máa ń ka márùn-ún tó dára jù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tó púpọ̀ lè wo ìwọ̀nyẹn nìkan.

Ó dáa, gbọ́ tìrẹ báyìí.

Géètì Aláwọ̀ Ewé ni kí Tiwátọ́pẹ́ kọ́kọ́ wá. Oṣù Kìíní ló jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló jogún ilé bàbá wọn, wọ́n ta ilé, wọ́n pín owó, ó wá ku géètì tí kò sẹ́ni tó rántí kọ sínú ìwé. Géètì lásán, Rísí, wọ́n jà á dé ilé ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ìyá wọn, tí kò sọ ju gbólóhùn mẹ́fà lọ ní gbogbo fíìmù. Igi tútù ló fi ń dáná, èéfín sì wọ̀ ọ́ lójú ní tòótọ́. Kò dà bí àwọn tó ń dáná gáàsì tí wọ́n á máa nu ojú.

Èkejì ni Ìpè Mẹ́tàdínlógún. Obìnrin kan fi fóònù sílẹ̀ lọ wẹ̀; kó tó jáde nílé ìwẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, láti ìgbà náà kò sì rí ọkọ náà mọ́. Ó dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí sòkòtò ẹni ẹlẹ́ni, àpò ara mi ni owó sòkòtò náà ti jáde. Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: léèsì aláwọ̀ ọsàn tí ìyàwó náà wọ̀, mo ti rí i lára àwọn ẹlòmíràn nínú fíìmù méjì lọ́dún yìí. Èmi tí mò ń lọṣọ, aṣọ kì í sá mọ́ mi lójú. Ẹnì kan ló ń yá wọn ní léèsì yẹn, ẹni náà sì ti jèrè.

Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, wo ẹ̀kẹta, Ìyá Onílé Ti Kó Wọlé. Ìyá onílé kan díbọ́n bí ayálégbé, ó gba yàrá nínú ilé ara rẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Àwọn ayálégbé tó kù bá fi í ṣe olórí àwọn tí kò ní san owó ilé. Rọra rẹ́rìn-ín o, torí ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni Orúkọ Àyálò. Ọmọbìnrin kan ló fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú wọ iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá níbí, ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n ń gbé e ga, gbogbo ìgbéga sì ń dé sórí orúkọ òkú. Sinimá inú ìgboro ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ẹnì kan, láìka owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Mo ní n kò lọ. Mo dúró títí ó fi sọ̀kalẹ̀ wá sórí fóònù nínú Oṣù Kẹfà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n fara dà á.

Mẹ́rin nìyẹn. Márùn-ún lo ní kí n kọ, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà mọ̀ ọ́n kà, nítorí ìwọ lo máa ń ṣàtúnṣe ìṣirò mi ní kíláàsì kẹfà. Ẹ̀karùn-ún yìí ló lé mi débi bébà.

Bùrẹ́dì Àná lorúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹrin ló jáde sórí Yútúùbù. Mùnírátù sì wà nínú rẹ̀.

O rántí Mùnírátù, aránṣọ tó kọjú sí mi, tó rán aṣọ tí o wọ̀ lọ sílé nígbà tí o wá kí wa. Ọkọ rẹ̀ Adéníjì, tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Keffi, ló kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe dé inú fíìmù, nítorí ẹnu mi ló gbé e débẹ̀.

Nínú Oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, àwọn kan wá ń ya fíìmù ní Kabusa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nehemiah, ọmọ Kàbbà, ló ń bá wọn tọ́jú aṣọ, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń kó wọn wá lọ̀. Bó bá ti dé, mo máa ń bi í nípa fíìmù, mo máa ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa àti ibi tí wọ́n ti fowó ṣòfò, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó ti àpò èédú mi, ó ní, “Màmá, ọ̀gá wa ń wá obìnrin kan tó lè sọ Ọ̀yọ́ dáadáa. Ojú yín bá a mu. Ẹ ó ṣe é?”

Rísí, ṣé o mọ bí ó ti pẹ́ tó tí mo ti ń retí ìbéèrè yẹn? Láti kékeré tí a máa ń yọjú lójú fèrèsé ilé Alágbàáà ní Ìsẹ́yìn wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ti nu ọwọ́ mi. Mo ti ń bi í pé ṣé wọ́n á fi ọkọ̀ gbé mi lọ gbé mi bọ̀, ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ wà. Ló bá fa aṣọ dúdú kan yọ nínú ẹrù tó kó wá.

“Ẹ wọ̀ ọ́ wò, mà.”

“Ta ló kú?”

“Ọkọ yín ni.”

“Ọkọ ta ni?”

“Nínú fíìmù ni, mà. Ẹni tó ń ṣe bùrẹ́dì ni ọkọ yín, ó wá kú. Opó ni yín.”

Mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé. “Ṣé o ń gbọ́ irin tí wọ́n ń lù yẹn? Wàsíù nìyẹn. Ṣé èmi ló sọ fún ọ pé ọkọ mi ti sú mi? Kí n wọ aṣọ opó nígbà tí ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà? A kì í fi irú ẹ̀ ṣeré.”

“Màmá, eré náà ló jẹ́.”

“Eré tí ikú bá gbọ́, kì í mọ̀ pé eré ni. Lọ kan ilẹ̀kùn tó kọjú sí tèmi yẹn. Ìyẹn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Tirẹ̀ ti kú ná.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ṣì ń pa ẹnu mi dé ni ilẹ̀kùn yẹn ṣí, Mùnírátù sì jáde pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn. Kò wo ojú mi. Nehemiah ló wò.

Ó ní, “Ta ló ń wá opó?”

Aṣọ dúdú náà, èmi ni mo lọ̀ ọ́ fún un kó tó wọ̀ ọ́ lọ sí Kabusa. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo gbà.

Mo rò pé wọ́n á ya ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni. Nígbà tí fíìmù náà jáde, òun ni wọ́n gbé ojú rẹ̀ sí iwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí bùrẹ́dì ṣì wà nínú ààrò. Wọ́n sin ín. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbèsè ìyẹ̀fun wà, obìnrin náà ní láti gbé bùrẹ́dì àná lọ sójú ọ̀nà kó tà á. Wọn ò rà á. Ó wá jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó gé ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́, ẹkún sì gbà á pẹ̀lú bùrẹ́dì lẹ́nu, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, láti kékeré tí mo ti ń wo fíìmù.

Ayé bá yí padà nínú ilé wa. Mai shai tó wà lẹ́nu títì, tí kì í kí ẹnikẹ́ni tí kò bá ra tíì, ó ti ń pariwo “Sannu, Mama Bùrẹ́dì!” láti òdìkejì ọ̀nà. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì ń bá a ya fọ́tò. Wá gbọ́ ti Rosemary, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Karu tí mo ti ń lọ bíláòsì rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, tí kò bi mí ní orúkọ mi rí. Ó wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Inú mi dùn, mo gbé àga. Ó kó aṣọ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni Ìyá Oníbùrẹ́dì ń gbé?” Ló bá wọ yàrá Mùnírátù lọ. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ bí ìkọ́.

Kí n má pa á mọ́ fún ọ: ìlara wọ̀ mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn oníbàárà tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé ẹ̀rín fíìmù ni. Èyí tó dùn mí jù ni ti Wàsíù. Ó wo fíìmù náà lórí fóònù rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, “Mùfú, ṣé ìwọ náà á lè sunkún báyìí tí èmi bá kú?” Mo ní kó kọ́kọ́ kú ná ká tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi sọ̀rọ̀.

Bó ti rí nìyẹn tí Oṣù Keje fi pé. Ọjọ́ kẹfà ni ìpàdé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhájà Ajíbọ́lá, ìyá ẹgbẹ́ wa, ní Karu. Gbogbo ènìyàn pé. Mùnírátù jókòó ní apá òsì mi. Mo dìde, mo ka Géètì, mo ka Ìpè, mo ka Ìyá Onílé, mo ka Orúkọ Àyálò. Mo jókòó.

Bámiṣayọ̀, ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tí ojú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ atọ́wò yìí, ló na ọwọ́ sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin lẹ kà.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà.”

“Bùrẹ́dì Àná ńkọ́?”

“Mi ò tíì wò ó.”

“Láti Oṣù Kẹrin?”

“Dátà ló tán.”

Kai! Bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé ó bàjẹ́. Alhájà yọ awò ojú wọn. “Mùfúlíátù, ẹgbàajì náírà lóṣooṣù, dátà wo ló tán? Ṣé ewúrẹ́ lo ń fi bọ́ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Ojú ló tán, kì í ṣe dátà,” wọ́n tún rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mùnírátù ló fèsì. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Yóò wò ó.”

Ó sàn kó gbá mi létí, Rísí.

Ní ọjọ́ Alámísì tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lábẹ́ páànù mi, ni Mùnírátù bá gbé àpótí wá, ó jókòó, ó yọ fóònù. Ó ní, “O ní o ò tíì wò ó. Èmi náà ò tíì wò ó.”

Mo ní irọ́ ni.

Ó ní, “Mo fi ikú Adéníjì búra. Wọ́n kàn ń sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa ni. Mi ò lè dá a wò. Ìwọ lo mọ fíìmù, wá bá mi wò ó.”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sórí irin. A fi fóònù ti agolo sítáàṣì, a ń wò. Mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Mò ń ṣe “háà!” níbi tó yẹ. Ó wá ku díẹ̀ kí ó dé ibi àpò ìyẹ̀fun yẹn, ọkọ̀ ńlá kan sì ń kọjá lójú ọ̀nà, ariwo pọ̀. Láìrò ó, mo na ọwọ́ mú fóònù, mo ní, “Dúró, jẹ́ kí ariwo yẹn kọjá. Ibi tó o ti fẹ́ gé bùrẹ́dì ló kàn.”

Mùnírátù yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

“Mùfú. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti wò ó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.”

Ó ń wò mí.

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Pẹ̀lú ti ọjọ́ Iléyá.”

Mo rò pé yóò dìde. Kò dìde. Ó tẹ fóònù, a wo ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn tán. Ó wo ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tí kò rí tipẹ́. Nígbà tó parí, ó ní, “Ní ọjọ́ kẹjọ Adéníjì, gbogbo yín lẹ ní mi ò sunkún.”

Òótọ́ ni. Èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ ọ́. Mo sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ ọ́ nídìí omi. Mo ní ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o mọ iye ẹni tó pè mí lọ́jọ́ yẹn? Níbo ni iyọ̀ wà. Àga ò tó. Àwọn ààfáà fẹ́ lọ, owó wọn dà. Ìwọ fúnra rẹ bi mí ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìrẹsì wà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá ti ń jókòó kí n sunkún, wọ́n á pè mí. Nígbà tó yá, ẹkún náà lọ. Mo dé Kabusa, wọ́n gbé àpò fún mi, wọ́n ní, màmá, ẹ jókòó, kí gbogbo ayé dákẹ́, ẹ sunkún títí yóò fi tó yín, ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Ni mo bá sun ún.”

Rísí, mi ò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mú. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, ó ti tutù. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí kọ́kọ́rọ́ ìrẹsì, nítorí ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì, nítorí “tirẹ̀ ti kú ná.” Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ tó o mọ fíìmù. Ṣé ó dára?”

Ọ̀rọ̀ kékeré, ó wúwo lẹ́nu mi ju àpò èédú lọ. Mo ní, “Ó dára. Nínú gbogbo ohun tó jáde lọ́dún yìí, kò sí èyí tó tó o.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹgbẹ́?”

“Nítorí pé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, “Ìwọ? Ìwọ Mùfú? Omijé kejì ò ní tíì bọ́, wàá ti bi wọ́n pé èló lẹ ń san lórí ẹyọ kan.” Èmi náà rẹ́rìn-ín, kò sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé àpótí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, “Sọ ọ́ tàbí kí o má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ lo fi wò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìpàdé Oṣù Kẹjọ ń bọ̀. Mo ti lọ bá Alhájà Ajíbọ́lá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní bá mi sọ ọ́, ẹnu tó purọ́ ni kó lọ tún un ṣe níwájú ẹni ogún, kí ẹgbẹ́ tó pinnu bóyá èmi ni yóò ṣì máa tọ́ ọ wò fún wọn. Bámiṣayọ̀ ti ra fóònù tuntun. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní tàn ọ́. Ìlara náà ò sì tíì tán. Lánàá yìí, ẹnì kan tún wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn di fóònù mú. Mo yà á dáadáa. Mo kàn jẹ́ kí agolo sítáàṣì mi hàn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo fẹ́ fi ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ẹnu mi kí n tó dé iwájú wọn. Gba gègé lọ́wọ́ Tiwátọ́pẹ́, kí o sì fagi lé bí mo ṣe tò wọ́n lókè yẹn. Bùrẹ́dì Àná ni àkọ́kọ́. Géètì Aláwọ̀ Ewé ni èkejì, kí àwọn mẹ́ta tó kù máa tẹ̀lé e. Bí dátà ò bá tó márùn-ún, Bùrẹ́dì nìkan ni kí o wò. Opó tí o máa rí níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ kún gbogbo fóònù, Mùnírátù ni. Kò sí ẹlòmíràn ní Nyanya tó lè ṣe é, èmi náà ò lè ṣe é. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn bébà yìí. Bí o bá wò ó tán tí ọkàn rẹ sọ pé kí o yin ẹnì kan, òun ni kí o pè, má pè mí. Màá gbọ́ ọ láti yàrá mi. Má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, nítorí èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ.

Bá mi kí Bàbá Tiwátọ́pẹ́ àti ìyá wa dáadáa. Kí bàbá tó to eegun, sọ fún wọn pé mo ní wọ́n ṣeun. Wàsíù ní kí n kí ọ, ó ní kí o má tún gun àga onígi tó dà ọ́ sílẹ̀ yẹn mọ́. Mùnírátù ò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá mọ̀, yóò ní kí n kí ọ.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀, tìlara-tìlara,

Mùfúlíátù.